Ṣé àdúrà lè rọ́pò lílọ bá arákùnrin wa sọ̀rọ̀?

Olùkọ́ Kíláàsì Bíbélì

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan jáde nínú kíláàsì Bíbélì wa tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí aago ìsìn lù kí a tó dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wa dá lórí Mátíù orí karùn-ún, ẹsẹ 23 àti 24, níbi tí Olúwa ti sọ pé bí ènìyàn bá gbé ọrẹ rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ, tí ó sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, kí ó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà, kí ó tó padà wá fi ọrẹ náà fún Ọlọ́run.

Ọkùnrin kan nínú kíláàsì náà dìde, ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun ti yan ara àwọn lódì láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú, nítorí ilé tí bàbá fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń gba owó àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní iwájú ilé, kì í sì í ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìpàdé ẹbí lójú àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ̀gbọ́n sì kà á sí ìwọ̀sí. Arákùnrin yìí ní òun ti gbààwẹ̀, òun ti dé orí òkè, àwọn tí ń bá òun gbàdúrà sì ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà rárá, kí òun jẹ́ kí Ọlọ́run jà fún òun. Ó wá béèrè pé nínú kí òun máa gbàdúrà nìṣó àti kí òun lọ, èwo ni Olúwa ń fẹ́?

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àdúrà tí kò bá tíì gbé ẹni tí ń gbà á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n jọ ní aáwọ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ni a ó gbà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Ìyá Àdúrà

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Ọ̀gá Olùkọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì tún un kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a tètè bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí wọ́n ní kí arákùnrin yẹn dúró lórí àdúrà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ohun tí ẹsẹ̀ tí ó yá jù máa ń fà. Mo ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin, mo sì ti rí ẹni tí ó gbéra láti lọ parí ìjà nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń ru, tí ó sì jẹ́ pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn tí ó lọ bá ni ó ti dá ìjà tuntun sílẹ̀. Jákọ́bù kọ́kọ́ gbàdúrà kí ó tó rí ojú Ísọ̀, ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 32. Nehemáyà dúró níwájú ọba, ọba bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́, ó sì gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run kí ó tó la ẹnu.

Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé àdúrà wa kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, ní Iléṣà, ní 1930, nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn ènìyàn gbàdúrà, wọ́n sì tún kó oògùn àti ère tí wọ́n gbójú lé jáde kúrò nínú yàrá wọn ní ojútáyé. Ohun tí ojú rí ni àdúrà yẹn ṣe. Nítorí náà, bí arákùnrin yìí bá ń gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí ó gbà á dé ibi tí ọkàn tirẹ̀ yóò ti rọ̀, kí a tó máa lé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Olùkọ́ Kíláàsì Bíbélì

Ẹ ṣeun, Màmá. A kò jìnnà síra wa rárá, inú mi sì dùn pé Jákọ́bù ni ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí Jákọ́bù kò dúró síbi àdúrà. Ó gbàdúrà tán, ó ya ẹran sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti rẹ́ jẹ: ewúrẹ́ 200, òbúkọ 20, àgùntàn 200, àgbò 20, láì tíì ka ràkúnmí, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó gbọ́ pé Ísọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin 400, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọjá sí iwájú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, tí ó sì wólẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀meje títí ó fi súnmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ísọ̀ ni ó sáré wá dì mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn alábàádúrà arákùnrin yìí ti kọ mí lóminú ni gbólóhùn tí wọ́n sọ pé kí Ọlọ́run jà fún un. Ẹ́kísódù 14, ẹsẹ 14, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, níbi tí Mósè ti sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé Olúwa yóò jà fún wọn, kí wọ́n ṣáà dákẹ́. Èkínní, ọmọ ogun Fáráò ni ọ̀rọ̀ yẹn dá lé lórí, kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni. Èkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ 15 tí ó tẹ̀ lé e gan-an. Ọlọ́run bi Mósè léèrè pé kí ni ó ń ké pe òun sí, ó sì ní kí ó sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kí wọ́n máa tẹ̀ síwájú. A ti fi ẹsẹ 14 gbàdúrà púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó wù mí kí a máa ka 15 pẹ̀lú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí a kì í sábà rántí. Gálílì ni Jésù wà nígbà tí ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, àwọn tí wọ́n jókòó yí i ká lórí òkè sì mọ̀ pé pẹpẹ kan ṣoṣo tí a ti ń rú ẹbọ wà ní Jerúsálẹ́mù. Láti Gálílì dé Jerúsálẹ́mù tó ìrìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ará Gálílì bá dé iwájú pẹpẹ, tí ó wá rántí arákùnrin rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé, ohun tí Jésù ń sọ fún un ni pé kí ó fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀, kí ó rin ìrìn náà padà, kí ó parí ọ̀rọ̀, kí ó sì tún gòkè lọ. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ kò lè kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré.

Ohun kejì ni pé nínú Mátíù 5, ẹni tí arákùnrin rẹ̀ ń bínú sí ni Olúwa rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú Mátíù 18, ẹsẹ 15, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ní kí ó lọ, kí ó sọ ẹ̀bi náà fún arákùnrin rẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì nìkan. Bí a bá pa ẹsẹ méjèèjì pọ̀, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sílé kí ó máa retí pé kí èkejì kọ́kọ́ wá. Nínú ọ̀rọ̀ ilé Ìbàdàn yìí, ẹ̀gbọ́n ní ohun kan nínú sí àbúrò nítorí ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí, àbúrò sì ní ohun kan nínú sí ẹ̀gbọ́n nítorí owó ṣọ́ọ̀bù. Kò sí bí a ṣe fẹ́ kà á tí kò ní kan arákùnrin wa. Bí ẹ̀gbọ́n náà bá jẹ́ onígbàgbọ́, ó kan òun náà bákan náà, ṣùgbọ́n àbúrò ni ó béèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹ má sì gbàgbé àdúrà tí Olúwa fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Nínú gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ó jẹ mọ́ ìdáríjì, ni ó tún padà sí lẹ́yìn tí àdúrà náà parí, nínú Mátíù 6, ẹsẹ 14 àti 15, tí ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá dárí ji ènìyàn. Àràárọ̀ ni a ń fi ẹnu wa so ìdáríjì wa mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ará Òkèèrè

Láti Houston ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì wọ̀ mí lára, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà lẹ́yìn odi ni ìjà ilé bàbá ń tẹ̀ lé kọjá òkun. Ní ọ̀dọ̀ wa, orí WhatsApp ni ìpàdé ẹbí wà nísinsìnyí. Ẹnìkan yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní òru, yóò sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sójú gbogbo ẹbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yóò ti fún un ní èsì, ìyàwó èkejì yóò ti kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn àgbà méjì yóò sì ti fi àmì ẹkún sí i. Bí a bá fẹ́ mú Mátíù 18, ẹsẹ 15, lò ní tòótọ́, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin ìwọ àti òun nìkan ni Jésù wí. Ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín fúnra rẹ̀, kí ohùn bá ohùn pàdé, kí ẹ sì gbà á láyè láti sọ tirẹ̀ tán kí ẹ tó sọ tiyín.

Mo ní ìbéèrè kan. Kí ni kí ènìyàn ṣe bí ẹ̀gbọ́n bá kọ̀ láti gbé fóònù?

Ìyá Àdúrà

Ọmọ mi, bí kò bá gbé e, wá ẹni tí ó lè jókòó tì í. Olúwa ti sọ ọ́ nínú ẹsẹ 16 pé kí a mú ẹnìkan tàbí méjì lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: àbúrò bàbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, tàbí ìyá àgbà tí ó gbé ẹ̀gbọ́n náà pọ̀n nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹ má ṣe mú ẹni tí òun náà ń retí ìpín nínú ilé.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń gbàdúrà ṣáájú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ nǹkan díẹ̀. A kì í fi Sáàmù 109 ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń kà á ní ọ̀gànjọ́ pẹ̀lú orúkọ ìbátan wọn lẹ́nu, pé kí ọjọ́ rẹ̀ kúrú, kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Olúwa ní kí a gbàdúrà fún àwọn tí ń ṣe inúnibíni sí wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ti pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ikú láàárín òru kò lè fi ojú tí ó mọ́ wò ó ní òwúrọ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí obìnrin kan bá fẹ́ lọ bá orogún rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a máa ń ní kí ó kọ́kọ́ tọrọ ohun rere kan pàtó fún ẹni náà: ìlera ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń dùn ún, àṣeyọrí ọmọ rẹ̀ nínú ìdánwò, ọjà rẹ̀. Láti tọrọ ohun pàtó, ìwọ yóò ní láti rántí ohun tí ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi ẹkún gba irú àdúrà yẹn parí, nítorí pé wọ́n ti gbàgbé pé ẹni náà ní ẹsẹ̀ tí ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà ni a máa ń dákẹ́. Àdúrà kì í ṣe ẹnu nìkan, etí náà wà nínú rẹ̀.

Òpìtàn Ìjọ

Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í fi wàásù. Nígbà Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ìbàdàn dojú kọ Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n pawọ́ pọ̀, àwọn onígbàgbọ́ wà ní ìhà méjèèjì. Ọdún ń gorí ọdún, a kò rí aṣẹ́gun, ebi ń pa ará ilé, ìbọn ń dún láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Dájúdájú àwọn ìjọ ń gbàdúrà fún àlàáfíà. Àmọ́ ní 1886, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Oǹdó, gba iṣẹ́ láti ọwọ́ Gómìnà Èkó, wọ́n sì ń lọ láti ibùdó ogun kan sí èkejì, wọ́n ń gbọ́ ẹnu àwọn balógun, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ìhà kan lọ sí ìhà kejì.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé wọn kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣáà dárí jì, kí ó sì tán. Ọ̀rọ̀ tí ń dunni ni wọ́n fọwọ́ kàn. Èkìtì fẹ́ òmìnira, ìwé àdéhùn sì fún wọn. Ìlú Ọ̀tan, Ìrésì, Àdá àti Ìgbájọ ni àríyànjiyàn gbóná lé lórí jù. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ sábẹ́ Ìbàdàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ará ìlú wọ̀nyẹn tí ó bá fẹ́ kó lọ bá àwọn Èkìtì lè lọ. Ẹnikẹ́ni kò gba gbogbo ohun tí ó fẹ́. Ní 1886 yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo rò pé èyí ló yẹ kí arákùnrin wa mú lọ sí Ìbàdàn. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi "ó ti tán" bo owó ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, nítorí ìjà tí a kò dárúkọ ohun tí ó fà á yóò tún yọjú nígbà tí owó ilé mìíràn bá wọlé.

Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń bẹ̀ yín, kí a fi ààlà sí ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ọkọ wọn ń lù, tí a sì ń fi Mátíù 5 lé wọn padà sínú ilé náà. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Róòmù 12, ẹsẹ 18, pé kí a wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn bí ó bá ṣeé ṣe. Ó mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí kò ní ṣeé ṣe. Dáfídì dárí ji Sọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nínú Sámúẹ́lì Kìíní 26, orí òkè kejì ni ó dúró sí, tí àlàfo ńlá wà láàrin wọn, kí ó tó pè é sọ̀rọ̀, nígbà tí Sọ́ọ̀lù sì ní kí ó padà wá, kò bá a lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú bíbá ẹni tí ó lè pa ọ́ sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, tàbí láti ẹnu ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Kíláàsì Bíbélì

Arábìnrin wa, mo fara mọ́ ọn láìkù síbì kan. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ààbò rẹ̀ ni kí ìjọ kọ́kọ́ wá.

Ọmọ Ìdílé Méjì

Bàbá mi bí àwa ti ìyá Kìrìsìtẹ́nì, ó sì bí àwọn ti ìyá Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣé arákùnrin tí Jésù ń sọ kan ẹ̀gbọ́n mi tí ń kírun? Mo gbà pé ó kàn án, nítorí nígbà tí amòfin kan béèrè lọ́wọ́ Olúwa pé ta ni ọmọnìkejì òun, ará Samáríà, ẹni tí ìjọsìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn Júù, ni Olúwa fi dá a lóhùn. Níbi tí Mátíù 18 bá ti sọ pé kí a sọ fún ìjọ, n kò lè gbé ẹ̀gbọ́n Mùsùlùmí lọ síwájú àwọn alàgbà ìjọ mi, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò lè gbé mi lọ síwájú ìmáàmù rẹ̀. Mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí ni kí a gbà lọ. Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo wa ṣọ́ ni pé kí a má ṣe sọ ìbẹ̀wò ìlàjà di ìwàásù. Bí àkókò ìrun bá tó tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń dúró dè é títí yóò fi kírun tán, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Agbẹjọ́rò Nínú Ìjọ

Mo ti ń tẹ̀ lé ìjíròrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí n dá sí ìhà ti ilé náà gan-an. Nínú Lúùkù 12, ẹsẹ 13, ọkùnrin kan ké sí Jésù pé kí ó sọ fún arákùnrin òun kí ó pín ogún fún òun. Olúwa kọ̀ láti ṣe onídàájọ́ wọn, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ nípa ojúkòkòrò. Ìkìlọ̀ náà kan ẹni tí ogún wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ń béèrè rẹ̀.

Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, tí ó sì jẹ́ pé àṣà Yorùbá ni ó ń darí ogún rẹ̀, ilé náà di ilé ẹbí. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ni ó máa ń dúró gẹ́gẹ́ bí olórí, ó sì lè gba owó ilé, ṣùgbọ́n fún gbogbo ọmọ ni ó ń gbà á. Àbúrò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìṣirò, ẹ̀gbọ́n kò sì gbọ́dọ̀ kà á sí àfojúdi. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in, ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa mọ̀: ìdí igi, tí a fi iye ìyàwó tí ó bímọ pín in, tàbí orí òjorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Kí wọ́n fẹnu kò lórí èyí tí wọn yóò lò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iye owó.

Mo máa ń sọ fún àwọn tí wọ́n bá wá sí ọ́fíìsì mi pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì léèrè pé kí ni ìdí tí wọn kò fi kúkú gba ìrẹ́jẹ ju kí wọ́n máa pe ara wọn lẹ́jọ́. N kò ní sọ pé kóòtù kò dára láé, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹjọ́ ilé tí àwọn tí wọ́n pè é kú kí ó tó parí, tí àwọn ọmọ wọn sì jogún rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí àbúrò bá ti gbàdúrà, tí ó ti lọ, tí ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ọ̀nà tí ó gbà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé kí wọ́n ra ìwé ìṣirò kan fún ilé náà. Kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tí ó yá ṣọ́ọ̀bù, iye tí ó san, ọjọ́ tí ó san án, ohun tí wọ́n fi tún ilé ṣe, àti ìpín olúkúlùkù. Kí wọ́n kọ àdéhùn wọn sínú ìwé kúkúrú ní èdè Yorùbá tí gbogbo wọn lè kà, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ àgbà ẹbí tí ó ṣe ẹlẹ́rìí wọn.